Èémí Ọjọ́ Ẹtì

Ìwé mọ́kànlá péré ni dókítà ẹ̀dọ̀fóró náà kọ láti ìgbà tó ti ń gbọ́ èémí ẹ̀dá. Ẹni tó bá fẹ́ fi í ṣẹ̀sín, ibẹ̀ ni yóò ti bẹ̀rẹ̀. Ní ilé ìwòsàn ńlá tó ti ń ṣiṣẹ́, níbi tí wọ́n ti ń kọ́ àwọn dókítà tuntun, kì í ṣe pé kí èèyàn wo aláìsàn sàn nìkan. Ó gbọ́dọ̀ ṣèwádìí, kó kọ ọ́ sílẹ̀, kí wọ́n tẹ̀ ẹ́ jáde, kí àwọn onímọ̀ níbòmíràn sì máa tọ́ka sí i nínú ìwé tiwọn. Bí ìwé bá ṣe pọ̀ tó, tí ìtọ́kasí sì ṣe pọ̀ tó, bẹ́ẹ̀ ni àga ọ̀jọ̀gbọ́n ṣe ń sún mọ́ ẹni. Òkèèrè ni obìnrin yìí ti ń wo àga náà láti ọjọ́ yìí wá. Ọdún tó ń bọ̀ ni yóò fẹ̀yìn tì, ìgbìmọ̀ tó fẹ́ jókòó lórí ọ̀rọ̀ rẹ̀ lọ́tẹ̀ yìí sì ni ìkẹyìn.

Ọ̀gá ẹ̀ka wọn kò ní irú ìṣòro bẹ́ẹ̀. Igba Ìwé ni wọ́n ń pè é lẹ́yìn rẹ̀, nítorí ìwé tí orúkọ rẹ̀ wà lórí wọn ti lé ní igba. Dókítà kékeré yòówù tó bá kọ nǹkan lábẹ́ rẹ̀, orúkọ ọ̀gá gbọ́dọ̀ bá a wọlé, yálà ọ̀gá mọ ohun tó wà níbẹ̀ tàbí kò mọ̀ ọ́n. Òfin tí ẹnikẹ́ni kò ṣe ni, gbogbo ayé sì ń pa á mọ́. Àwọn nọ́ọ̀sì máa ń fi í ṣẹ̀fẹ̀ pé bí ológbò bá bímọ sẹ́yìn ilé ìdáná ọsibítù, Igba Ìwé ni yóò kọ́kọ́ fọwọ́ sí ìwé ọmọ náà. Ṣùgbọ́n ẹ má jẹ́ ká purọ́ mọ́ ọkùnrin ọ̀hún, kì í ṣe èèyàn burúkú. Ó ń kí ọmọdé, ó ń kí àgbà, ó sì máa ń bèèrè ilé ẹni. Iyì ló kàn fẹ́ràn, ó sì ti pẹ́ tí iyì ti ń wá bá a lórí ìjókòó láìjẹ́ pé ó dìde.

Ti dókítà wa yàtọ̀. Aláìsàn tí kò bá fi etí ara rẹ̀ gbọ́ èémí rẹ̀ kò lè wọ inú ìwé rẹ̀ láéláé. Bí àwọn ọmọ ẹ̀yìn rẹ̀ bá ní kí wọ́n fi orúkọ rẹ̀ kún tiwọn, á ní, “Etí mi ò sí níbẹ̀, kí lorúkọ mi ń wá?” Ìdí nìyẹn tí ìwé rẹ̀ fi jẹ́ mọ́kànlá. Àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ti di ọ̀jọ̀gbọ́n tán, àwọn tó kọ́ níṣẹ́ gan-an ti ń di ọ̀jọ̀gbọ́n, òun ṣì wà níbi tó wà.

Nínú ìwé mọ́kànlá yẹn, ọ̀kan ló gbé orúkọ rẹ̀ dé ibi tí ẹsẹ̀ rẹ̀ kò dé. Nígbà tó ṣì kéré lẹ́nu iṣẹ́, ó ṣàkíyèsí pé àwọn òṣìṣẹ́ ilé búrẹ́dì kan tó ń ṣe búrẹ́dì fún àwọn ilé ìwé àti ọ́fíìsì ń wúkọ́, àyà sì ń fún wọn. Ó gbé ẹ̀rọ kékeré tí wọ́n ń fẹ́ èémí sí, ó lọ bá wọn nídìí ààrò ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Ẹtì, torí pé ọjọ́ Ẹtì nìkan lọwọ́ rẹ̀ máa ń dilẹ̀. Àwọn géńdé tó ń gbé àpò fúláwà sọ́rùn fẹ́ atẹ́gùn sínú ẹ̀rọ, ohun tó jáde kò tó ti arúgbó. Ó kọ ọ́ pé fúláwà tí wọ́n ń fà símú lójoojúmọ́ ló ń fún ọ̀nà èémí wọn pa, pé tí ọ̀sẹ̀ bá ń lọ sópin ló máa ń le jù, tí wọ́n bá sì sinmi, ọ̀nà náà á tún là.

Kò pẹ́ sígbà náà tí Igba Ìwé àti àwọn ọmọ ẹ̀yìn rẹ̀ fi gbé tiwọn jáde. Wọ́n ní àwọn náà wọn èémí àwọn òṣìṣẹ́ búrẹ́dì ọ̀hún, pé ara gbogbo wọn le koko, fúláwà kò ṣe ẹnikẹ́ni ní nǹkan kan. Ọ̀rọ̀ ìwé ni wọ́n fi sọ ọ́, ṣùgbọ́n ẹni tó gbọ́ èdè mọ̀ pé ohun tí wọ́n ń wí ni pé ọmọbìnrin yìí kò mọ ẹ̀rọ lò. Láti ìgbà náà, ẹni tó bá ti fẹ́ kọ̀wé lórí fúláwà àti ẹ̀dọ̀fóró á kọ́kọ́ tọ́ka sí dókítà wa, á ní ẹnì kan ti sọ báyìí rí, àṣìṣe ni. Ó wọ ìwé tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ń kà, wọ́n ń fi í kọ́ wọn bí a kì í ti í ṣèwádìí. Bí àwọn tó ń bú u ṣe ń pọ̀ sí i, bẹ́ẹ̀ ni ìtọ́kasí rẹ̀ ń ga sí i, torí ẹ̀rọ tó ń ka ìtọ́kasí kò mọ èébú yàtọ̀ sí oríkì.

Ó fura sí ìwé Igba Ìwé, kò ní ṣe kó má fura, torí ìwé náà kò sọ ọjọ́ tí wọ́n wọn èémí ẹnikẹ́ni, kò sì sọ ibi tí wọ́n ti wọ̀n ọ́n. Ṣùgbọ́n ìfura kì í ṣe ẹ̀rí. Ó kọ̀wé bi í léèrè, ọ̀gá ní ọwọ́ àwọn dókítà kékeré ni àlàyé yẹn wà, bẹ́ẹ̀ àwọn yẹn ti tú ká. Ó bi í lẹ́ẹ̀kejì lójú kojú, ọ̀gá sì fajú ro. Ta ni yóò bi àgbà ní ìbéèrè kan náà lẹ́ẹ̀kẹta? Ó fẹ́ padà sí ilé búrẹ́dì láti tún un wọ̀n, ẹni tó ni ibẹ̀ ti lẹ ìwé Igba Ìwé mọ́ ògiri, ó ní àwọn ti ní ọ̀jọ̀gbọ́n tó sọ pé kò sí nǹkan kan, kí dókítà máa bá tirẹ̀ lọ.

Ẹni tí ọ̀rọ̀ náà ń dùn jù ni ọkùnrin kan tó ń ti búrẹ́dì wọ ààrò. Jẹ́jẹ́ ni wọ́n ń pè é, torí pé bí ọ̀sẹ̀ bá ti dé àárín, kò ní lè yára mọ́, á máa rìn díẹ̀ á máa dúró díẹ̀. Gbogbo àárọ̀ ọjọ́ Ajé ló máa ń wá sí kílíníìkì ẹ̀dọ̀fóró, gbogbo àárọ̀ ọjọ́ Ajé ni ẹ̀rọ sì ń sọ pé kò ṣe é ní nǹkan kan, nítorí ó ti sinmi. Ọ̀gá rẹ̀ kì í fún un láyè lọ́jọ́ mìíràn. Níbi iṣẹ́, wọ́n ní ọ̀lẹ ni. Nílé, ìyá ìyàwó rẹ̀ tó ń gbé pẹ̀lú wọn ní ọ̀lẹ ni, pé ọmọ òun la ojú sílẹ̀ fẹ́ ẹni tí ń mí hẹlẹhẹlẹ bí ẹni tó sáré dé láti ibi tí kò lọ. Ó ti dé ibi tí ìyàwó gan-an kì í jiyàn rẹ̀ mọ́. Jẹ́jẹ́ sọ ọ́ fún dókítà lọ́jọ́ kan pé ikọ́ kọ́ ló ń dun òun, ọ̀lẹ tí wọ́n ń pe òun lójú àwọn ọmọ òun ni.

Láàárọ̀ ọjọ́ ìgbìmọ̀, ọkọ dókítà ti jí ṣáájú rẹ̀. Tíṣà ìṣirò ni, ó ti fẹ̀yìn tì, kò sì sí ohun tó tún ń ṣírò mọ́ ju ìtọ́kasí ìyàwó rẹ̀ lọ. Bí àwọn ọkùnrin ẹgbẹ́ rẹ̀ ṣe ń wo iye góòlù bọ́ọ̀lù lórí fóònù, bẹ́ẹ̀ lòun ń wo ẹni tó tún dárúkọ ìyàwó rẹ̀. Báábà mọ̀, télọ̀ mọ̀, ẹni tó ń ta káàdì fóònù ní ìkòríta náà ti mọ̀. Dókítà kò sì lè sọ fún un láti ọjọ́ yìí wá pé èébú ló ń kà tó ń fi yangàn. Ṣùgbọ́n lónìí, bó ṣe ń bá a fi áyọ́ọ̀nù lọ aṣọ rẹ̀, àánú rẹ̀ ṣe é. Ẹ̀rù bà á pé ẹnu ẹlòmíràn ni yóò ti gbọ́ ọ.

“Bàbá Ìbejì,” ó ní, “àwọn ìtọ́kasí yẹn, bíbú ni ọ̀pọ̀ nínú wọn ń bú mi o.”

Ọkùnrin náà kò gbójú sókè nídìí áyọ́ọ̀nù. Ó ní òun mọ̀. Ó ní òun ti ń kà wọ́n láti ìbẹ̀rẹ̀, láti ojú ewé àkọ́kọ́ dé ìkẹyìn.

“O mọ̀, o sì ń sọ fún báábà?”

“Ìyá Ìbejì, ta ní ń bú ẹni tí kò sí? Ọdún yìí wá ọdún yìí lọ, wọn ò rí ẹlòmíràn bá jà. Ẹni tí kò bà wọ́n lẹ́rù, wọn ì bá ti gbàgbé rẹ̀.” Ó gbé aṣọ náà lé e lọ́wọ́. “Lọ bá wọn.”

Omijé lé sójú rẹ̀, ó sì rẹ́rìn-ín, ó wọṣọ, ó lọ.

Yàrá ìgbìmọ̀ tutù, wọ́n ti to omi inú ike síwájú ẹnì kọ̀ọ̀kan. Igba Ìwé jókòó lápá ọ̀tún. Láàárín ni àlejò wọn jókòó sí, ìyá àgbàlagbà kan tó jẹ́ ọ̀jọ̀gbọ́n ẹ̀dọ̀fóró ní ilé ìwòsàn mìíràn, òun ni wọ́n ránṣẹ́ pè láti wá dájọ́ láìṣojúsàájú. Ó ti ka gbogbo ìwé dókítà tán. Ó ní wọ́n kéré, ṣùgbọ́n ọwọ́ kan náà ló kọ wọ́n, òun sì lè rí i pé ẹni tó kọ wọ́n wà níbẹ̀. Ó wá kan ti ilé búrẹ́dì. Ó ní ìtọ́kasí tó wà lórí rẹ̀ nìkan ju ti ọ̀pọ̀ ọ̀jọ̀gbọ́n lọ, àmọ́ kí àwọn má tan ara wọn jẹ, àwọn mọ irú ìtọ́kasí tó jẹ́.

Igba Ìwé gba ọ̀rọ̀ náà tayọ̀tayọ̀. Ohùn àánú ló fi sọ ọ́, bí ẹni tí kò fẹ́ ba ẹnikẹ́ni jẹ́. Ó ní arábìnrin àwọn ń ṣiṣẹ́ kára, kò sí ẹni tó lè sọ pé kì í ṣe bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n ìwádìí ní ìlànà. Àwọn àgbà sì ti sọ ọ́: ẹnu àìmẹ́nu, ètè àìmétè, òun ní í mú ọ̀ràn bá ẹ̀rẹ̀kẹ́. Ìbá jẹ́ pé ó dákẹ́ síbẹ̀, ilé ni dókítà wa ì bá gbà lọ lọ́wọ́ òfo lọ́jọ́ náà. Ṣùgbọ́n iyì tún ń yún un lẹ́nu.

“Kì í ṣe ìdí ààrò la ti wọn tiwa o,” ó ní, “níbi tí ooru àti èéfín wà. Kílíníìkì ẹ̀dọ̀fóró wa gangan la kó wọn wá, pẹ̀lú ẹ̀rọ ńlá tó wà níbẹ̀.”

Ohun tó fi gbogbo ọjọ́ ayé rẹ̀ lẹ́nu iṣẹ́ wá, ọkùnrin yìí ṣẹ̀ṣẹ̀ gbé e kalẹ̀ sórí tábìlì láàárín ike omi. Ó nà dìde díẹ̀, kò mọ̀ pé òun dìde.

“Ẹ jọ̀ọ́ sà, ọjọ́ wo ni kílíníìkì ẹ̀dọ̀fóró máa ń jókòó?”

Igba Ìwé wò ó bí ẹni tó ń wo ọmọdé. Wọ́n kọ ọ́ sí ara ilẹ̀kùn láti ìgbà tí wọ́n ti kọ́lé náà. “Àárọ̀ ọjọ́ Ajé. Ìwọ kọ́ lò ń jókòó níbẹ̀ ni?”

“Kò jókòó lọ́jọ́ mìíràn rí, sà?”

“Rárá o. Ọjọ́ Ajé nìkan.”

Ìyá àlejò ti gbé gíláàsì rẹ̀ kúrò níwájú orí, ó fi í sójú. Ó bi dókítà léèrè ọjọ́ tí ilé búrẹ́dì kì í ṣiṣẹ́. Dókítà ní ilé ìwé àti ọ́fíìsì ni wọ́n ń ṣe búrẹ́dì fún, tó bá ti di ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Ẹtì, wọ́n á pa ààrò, ó di ọjọ́ Ajé kí wọ́n tó tún fọwọ́ kan fúláwà.

“Wọ́n ti sinmi tán kí ẹ tó wọ̀n wọ́n nìyẹn,” ìyá náà sọ fún Igba Ìwé, pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́. “Ṣé ẹ wà níbẹ̀ lọ́jọ́ náà?”

Gbogbo yàrá mọ ìdáhùn. Kò sí níbẹ̀. Orúkọ rẹ̀ nìkan ló wà níbẹ̀.

Ẹlòmíràn ì bá bẹ̀rẹ̀ sí í fi ọ̀gá náà ṣe yẹ̀yẹ́. Ìyá àlejò kò ṣe bẹ́ẹ̀. Ó ní òun náà ti tọ́ka sí dókítà yìí nínú ìwé tí òun fi ń kọ́ akẹ́kọ̀ọ́, kì í sì í ṣe fún oore, nítorí náà ọ̀rọ̀ ọ̀hún kan òun. Ó ní ìgbìmọ̀ kò ní dájọ́ lọ́jọ́ náà. Ọjọ́ Ẹtì, gbogbo àwọn yóò lọ sí ilé búrẹ́dì. Ọjọ́ Ajé, àwọn òṣìṣẹ́ kan náà yóò wá sí kílíníìkì, ẹ̀rọ kan náà ni wọn yóò fẹ́ atẹ́gùn sí. Ọ̀gá ẹ̀ka fúnra rẹ̀ ni yóò sì di ẹ̀rọ mú.

Ẹni tó ni ilé búrẹ́dì kò lè ti ọ̀jọ̀gbọ́n méjì sẹ́yìn ilẹ̀kùn. Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Ẹtì, nígbà tí wọ́n ń gbá ilẹ̀, fúláwà gba gbogbo inú ilé, ó bà lé ìpéǹpéjú, ó bà lé orí àwo búrẹ́dì, ó bà lé kóòtù Igba Ìwé. Igba Ìwé sín, sín, sín, àwọn òṣìṣẹ́ sì ń yíjú sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan kó má bàa rí ẹ̀rín wọn. Jẹ́jẹ́ ló kọ́kọ́ fẹ́ atẹ́gùn sínú ẹ̀rọ. Ó fẹ́ ẹ títí tí iṣan ọrùn rẹ̀ fi le. Igba Ìwé wo ohun tí ẹ̀rọ sọ, ó ní kó tún un fẹ́. Ó tún un fẹ́. Ó ní bóyá ẹ̀rọ ni kò dáa. Ó nu ẹnu rẹ̀, òun náà fẹ́ ẹ, arúgbó ọ̀gá tó ń jókòó láti àárọ̀ dalẹ́, èémí rẹ̀ sì fi ti Jẹ́jẹ́ sílẹ̀ lọ fíìfíì. Lẹ́yìn ìyẹn, kò bá ẹ̀rọ wíjọ́ mọ́. Ó ń pe àwọn òṣìṣẹ́ lọ́kọ̀ọ̀kan, ó ń fi etí ara rẹ̀ gbọ́ àyà wọn, ojú rẹ̀ sì ń balẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Dókítà rí i pé ọkùnrin náà mọ iṣẹ́ yìí dáadáa nígbà kan rí, ó sì dùn ún pé ó ti fi í sílẹ̀.

Nígbà tí wọ́n pé sí kílíníìkì láàárọ̀ ọjọ́ Ajé, kò pẹ́ rárá tí ọ̀rọ̀ fi yanjú. Jẹ́jẹ́ fẹ́ atẹ́gùn, èémí rẹ̀ ti padà dé. Ẹni tó tẹ̀ lé e, bákan náà. Àwọn tó kù, bákan náà ni gbogbo wọn. Bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ṣoṣo ni òtítọ́ yóò lé e bá, ọjọ́ ọ̀hún sì ti dé. Igba Ìwé gbé bírò sílẹ̀. Ojú àwọn nọ́ọ̀sì, àwọn òṣìṣẹ́ búrẹ́dì àti àlejò ló ti sọ ọ́.

“Àwa la ṣì í,” ó ní. “Èmi ni. Màá kọ ọ́, màá sì fi orúkọ mi nìkan sí i.”

Ìyá àlejò dìde lórí àga, ó bọ dókítà lọ́wọ́, ó pè é ní Ọ̀jọ̀gbọ́n. Ó ní òun yóò kọ lẹ́tà ìgbìmọ̀ kí òun tó kúrò nínú ọgbà, ṣùgbọ́n ẹnu òun ti sọ ọ́ ná. Àwọn nọ́ọ̀sì pàtẹ́wọ́, ọ̀kan nínú wọn ti ń sunkún. Inú obìnrin náà dùn débi pé kò mọ ohun tó yẹ kó fi ọwọ́ rẹ̀ ṣe, ó kàn ń ká okùn ẹ̀rọ tó fi ń gbọ́ àyà mọ́ ìka, ó ń tú u, ó tún ń ká a.

Ariwo náà kò tíì rọlẹ̀ tí Jẹ́jẹ́ fi bọ́ síwájú. Fóònù wà lọ́wọ́ rẹ̀. Ó dọ̀bálẹ̀ fún Igba Ìwé, ó ní ìyàwó òun ló wà lórí ìlà, kí ọ̀gá jọ̀ọ́, bá òun sọ ohun tó sọ lẹ́ẹ̀kan fún un.

Ọ̀gá àgbà gba fóònù. “Ẹ káàárọ̀ o, mà. Èmi ni ọ̀gá àwọn dókítà ẹ̀dọ̀fóró. Ọkọ yín kì í ṣe ọ̀lẹ. Fúláwà ló ń fún un láyà.”

Obìnrin náà ní kó jọ̀ọ́, kó dúró, kí òun tẹ ohùn fóònù síta kí ìyá òun lè gbọ́. Igba Ìwé tún un sọ, lóhùn òkè. Ohùn àgbàlagbà kan wọlé látòdì kejì, ohùn tí kì í tètè gba nǹkan gbọ́.

“Ta ló sọ bẹ́ẹ̀?”

Igba Ìwé yíjú wo obìnrin tó dúró sẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀rọ.

“Dókítà tó ń tọ́jú rẹ̀ ni, mà. Láti ìgbà tí ọkọ ọmọ yín ò tíì dé ilé búrẹ́dì yẹn ló ti sọ ọ́. Àwa la ò gbọ́.”

Ìyá náà ní bó bá rí bẹ́ẹ̀, kí wọ́n gbé fóònù fún ẹni tó sọ ọ́, kí òun gbọ́ ọ lẹ́nu rẹ̀. Igba Ìwé fi ọwọ́ méjèèjì na fóònù sí i. Ọ̀jọ̀gbọ́n gbà á, ó sì kí ìyá náà kú àárọ̀.